Àǹtí Kíkẹ́ àti Ẹnubodè Dadin Kowa

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Àǹtí Kíkẹ́, kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì. Inú kẹ̀kẹ́ NAPEP ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Lamingo sí Dadin Kowa, ní òwúrọ̀ tí ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì ń fẹ́ fìì, tí gbogbo èrò káwọ́ mọ́ra bí adìyẹ tí òjò pa. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ lanu, àfi òun nìkan. Bí ó bá ti rí i pé awakọ̀ kọ "God Time is the Best" sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò fi ìka gbá a léjìká pẹ́pẹ́, yóò ní, "Malam, apọ́sítírófì kan ti já níbí o." Awakọ̀ á rò pé irin ló já lára ẹ̀rọ, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìdí táyà.

Ọkọ rẹ̀, Ọláníyan, tí ó ń ta páànù ìkọ́lé, máa ń sọ pé ọjọ́ tí ikú bá kan ilẹ̀kùn obìnrin yìí, yóò kọ́kọ́ ní kí ikú tún gírámà rẹ̀ ṣe, ibi tí ikú bá sì ti ń ro ó, ìyàwó òun á ti pé àádọ́rùn-ún ọdún.

Kíkẹ́lọmọ ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀, Tíṣà Akínọlá, ni ìjọba gbé láti Ìkọ̀lé-Èkìtì wá sí Plateau kété lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n ní ọdún díẹ̀ ni yóò lò. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà tí ó kú ní Anglo Jos, ó sì ń sọ lórí ibùsùn pé òun ṣì ń palẹ̀ mọ́. Ní Anglo Jos yẹn náà ni wọ́n bí Kíkẹ́ sí. Nínú ilé, Èkìtì ni wọ́n ń sọ; bí ẹsẹ̀ bá ti jáde sí títì, ó di Hausa; bí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń fi ṣeré pé èdè mẹ́ta ni wọ́n fi na òun dàgbà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì dun òun jù nínú pàṣán náà, ìdí nìyẹn tí òun fi mú un ṣe iṣẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó ti ń kọ́ni ní Dadin Kowa wọlé fún sáà kejì, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá sí kíláàsì rẹ̀. Bih ni orúkọ rẹ̀. Ará Kamẹrúùnù ni, láti apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ogun ló lé òun àti ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ jáde; wọ́n gba orí òkè bọ́ sí Taraba, láti Taraba ni wọ́n ti dé Jọ́ọ̀sì, nítorí ìyá rẹ̀ ní ìbátan kan tí ó jẹ́ káfíńtà ní Anglo Jos. Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì dúró sójú kan bí ẹni tí ń ka nǹkan tí ẹlòmíràn kò rí.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó kí gbogbo wọn bí wọ́n ti ń kí ara wọn nílé rẹ̀. Ó ní, "Aṣía o."

Ọ̀rọ̀ yìí dára. Òun ni wọ́n fi ń sọ pẹ̀lẹ́, òun ni wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun náà ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn kíláàsì tí ń jẹ́ Jíbọ́lá. Àwọn òbí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, Hausa rẹ̀ ló dán, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba Yorùbá tí ó gbọ́ tó láti fi ṣe ìkà. Ó fò dìde, ó na ara rẹ̀ tán, ó gbé ọwọ́ síwájú orí bíi sójà, ó ní, "Àsíá! Ẹ dìde fún àsíá!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin orílẹ̀-èdè ní imú.

Kí ó tó di ìsinmi ọ̀sán, ó ti túmọ̀ àwàdà náà fún gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, bí Bih bá ti wọlé, àwọn ọmọ á dìde, wọ́n á dúró gbọn-in, wọ́n á máa kùn. Bih á rìn kọjá láàárín wọn, á jókòó, á ṣí ìwé rẹ̀. Kò kí wọn mọ́.

Inú bí Àǹtí Kíkẹ́ dé ọ̀fun. Ó fi ìyà jẹ wọ́n, kò ràn. Ó wá ronú pé Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ òun, Gẹ̀ẹ́sì ni òun yóò fi jà. Ó kọ ọ̀rọ̀ ńlá kan sójú pátákó: EMPATHY. Ó ṣàlàyé títí òógùn fi bò ó nínú òtútù, pé kí èèyàn fi ara rẹ̀ sí ipò ẹlòmíràn ni, kí ohun tí ń dun ẹnìkejì lè yé ni. Gbogbo wọn mi orí. Ó ní kí Nanret, ọmọbìnrin Langtang kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn.

Nanret dìde. Ó gbé ìgò omi rẹ̀ sókè, ó mì ín, ó ní, "My bottle is empathy, ma."

Àǹtí Kíkẹ́ jókòó. Nígbà tí ó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àwọn ọmọ náà kò burú o, wọn kò kàn tíì sá fún nǹkan kan rí ju ajá lọ. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ pe Bih sí abẹ́ igi máńgòrò, àwọn méjèèjì nìkan. Ó sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe fún un: eré ni, eré ẹnubodè, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan di ẹrù kan wá láti ilé, ohun tí ó bá lè kó kí omi tó hó lórí iná, kí wọ́n sì gbìyànjú láti wọ ìlú àjèjì.

"Bí kò bá dùn mọ́ ọ, má ṣe é," ó ní. "Kí o lọ jókòó sí láíbùrárì kí o máa kàwé. N kò fẹ́ fi ọ́ ṣe ìran."

Bih bi í pé, "Mà, ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá ẹnubodè?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó mi orí. "Ẹ ní àánú lójú jù, mà. Wọn ò ní bẹ̀rù yín. Ẹ jẹ́ kí èmi náà ní ẹnubodè tèmi."

Báyìí ni ẹnubodè ṣe di méjì.

Ní ọjọ́ náà, ọyẹ́ mú débi pé ètè àwọn ọmọ funfun bí ẹni tó jẹ ẹfun. Wọ́n ti ta okùn sí àárín pápá ilé ẹ̀kọ́. Àǹtí Kíkẹ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì káàkì ọkọ rẹ̀, ó dé fìlà mọ́ ọn, ó jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́. Bih wà nídìí ìkejì lọ́ọ̀ọ́kán, ó gba awò dúdú Àǹtí lò, awò náà sì bò ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àwọn ọmọ gbé ẹrù wọn dé. Jíbọ́lá gbé ẹ̀rọ orin, bàtà bọ́ọ̀lù àti agolo Mílò. Nanret gbé àkùkọ lọ́wọ́, ààyè. Ó ní bí ogun bá pẹ́, àkùkọ á máa jí àwọn. Bí ebi bá sì dé, kò ní jí àwọn mọ́.

"Ẹ ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́léósinmi," Àǹtí Kíkẹ́ kéde. "Ẹ ó rí bí ó ti wúlò tó níbi tí wọn kò ti gbọ́ ọ."

Jíbọ́lá ló kọ́kọ́ jáde, àyà rẹ̀ ga. Ó ti ta ọgbọ́n: Yorùbá ni tíṣà, Yorùbá ni òun, kí ló kù? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ yín ni mí."

Àǹtí Kíkẹ́ sì tú Èkìtì sí i lórí. Kì í ṣe Èkìtì tí wọ́n fi ń ṣe àlejò o. Ti ìyá ìyá rẹ̀ ni, ti inú oko nísàlẹ̀ Ìkọ̀lé, èyí tí í yí bí òkúta nínú odò. Jíbọ́lá ṣíjú, ó pa á dé. Ohun kan ṣoṣo tí ó mú nínú rẹ̀ ni ìgbà tí tíṣà nàka sí ọ̀ọ́kán tí ó sì bi í nípa ilé rẹ̀ pé, "Ulé rẹ ńkọ́?"

Ulé dún bí ọ́lsà létí rẹ̀. Ó ní, "Rárá mà, mi ò ní ọ́lsà. Inú mi ò run mí."

Àwọn tó wà ní ìlà ṣubú lu ara wọn. "Àǹtí, èyí kì í ṣe Yorùbá!" ni Jíbọ́lá ń pariwo bí wọ́n ti ń gba ẹ̀rọ orin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi Hausa bẹ̀ ẹ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ júwe ilé, ó fi ọwọ́ júwe iná, ó fọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Àǹtí Kíkẹ́ tì í síwájú.

Ẹnubodè Bih ni ó wá di ọ̀rọ̀. Bih kò sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sọ Píjìn. Èdè ìlú rẹ̀ gan-an ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé ohùn rírọ̀ a máa ba ni lẹ́rù ju ariwo lọ. Ó tú báàgì wọn sílẹ̀. Ó gbé bàtà bọ́ọ̀lù Jíbọ́lá wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí imú, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gba àkùkọ lọ́wọ́ Nanret, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì bí ẹlẹ́rìí. Ó fi ìka júwe ara ògiri kíláàsì fún gbogbo wọn, pé kí wọ́n lọ dúró síbẹ̀. Títí di ìgbà wo? Kò sọ. Ṣé wọn ì bá sì gbọ́ bí ó bá sọ ọ́?

Agogo ìsinmi lù. Òórùn máásà tí wọ́n ń dín lẹ́nu géètì gba afẹ́fẹ́ wá. Àwọn ọmọ ń wo Àǹtí Kíkẹ́, Àǹtí Kíkẹ́ ń wo ojú ọ̀run. Bih na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ń yọ ìdọ̀tí abẹ́ èékánná. Ìgbà yẹn ni Àǹtí rí ẹ̀rín lẹ́nu ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́, lábẹ́ awò ńlá yẹn.

Afẹ́fẹ́ ń gé ara. Nígbà tí ó sú Jíbọ́lá, ó já kúrò lára ògiri. Eré ti tán lójú rẹ̀, omijé fẹ́ẹ́ dé. "Kí ni mo ṣe?" ó ké. "Mi ò jalè! Ọmọ dáadáa ni mí! Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí!"

Bih yọ awò lójú. Ó fi Píjìn ilé rẹ̀ dá a lóhùn, ó rọra sọ ọ́ kí ó lè yé e.

"Na so my mama too talk."

Àkùkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kọ bí ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyẹn ló tú wọn sílẹ̀ fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dún bí ti tẹ́lẹ̀. Bih tú okùn, ó ní kí wọ́n kọjá.

Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí Kíkẹ́ ṣì wà nínú ayọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Gyang, ránṣẹ́ pè é. Ìyá àgbà kan jókòó sí ọ́fíìsì, gèlè rẹ̀ ga bí ìbínú rẹ̀. Ìyá Olúdayọ̀ ni, ìyá bàbá Jíbọ́lá, tí ó ń ta ìkòkò lọ́jà.

"Ṣé ìwọ ni tíṣà tí ó sá ọmọ mi sínú ọyẹ́ bí aṣọ?" ni ìyá fi kí i. "Láti àná ló ti ń sín. Bí mo ṣe ń da àgbo sí i lẹ́nu ló ń ta á jáde nímú!"

Àǹtí Kíkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú mà. Ẹ káàárọ̀ mà." Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bih àti ọ̀rọ̀ àsíá láìfi nǹkan pamọ́. Ó dé orí ọ̀rọ̀ ẹnubodè, pé òun ní kí wọ́n di ẹrù bí ẹni tí wọ́n lé nílùú.

Ìyá Olúdayọ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Dúró ná. Kí ni Jíbọ́lá dì?"

"Ẹ̀rọ orin ni mà, àti bàtà bọ́ọ̀lù, àti agolo Mílò."

"Mílò mi!" ni ìyá kígbe. "Mo ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ìyàwó ilé!" Ẹ̀rín sì gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí, tí Ọ̀gbẹ́ni Gyang, tí í ṣe Berom tí kò gbọ́ Yorùbá, náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. Nígbà tí ó dákẹ́, ó nu ojú. "Kò di aṣọ kankan? Ọmọ wèrè. Aṣọ ni ìyá mi wọ̀ sí mi lọ́rùn lórí ara wọn nígbà tí wọ́n lé wa ní Gáná, mi ò lè ká apá mi. Bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n wé léwé ni mo ṣe rìn."

Àǹtí Kíkẹ́ gbàgbé pé òun wà lórí eékún. "Ìyá, ṣé Jíbọ́lá mọ ìtàn yìí?"

"Ta ló bi mí?"

"Ẹ dákun, ẹ wá sọ ọ́ ní kíláàsì."

"Èmi tí mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Ọmọ yín ni yóò máa túmọ̀."

Jíbọ́lá fẹ́ẹ́ wọnú ilẹ̀ nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀ àgbà tí ń wọ kíláàsì bọ̀. Wọ́n gbé àga fún ìyá níwájú, wọ́n mú Jíbọ́lá dúró tì í. Ìyá bẹ̀rẹ̀. Tàmálè ní Gáná ni wọ́n bí òun sí, níbi tí àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò láti ìgbà bàbá bàbá òun. Ní ọdún 1969, ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Òun kò mọ̀ pé àjèjì ni òun. "Ojú mi rí màbo," ìyá ní, ó sì dúró de ògbufọ̀.

Jíbọ́lá lá ètè. "My eyes," ó ní, "my eyes saw Mabo."

Nanret nawọ́ kíá. "Who is Mabo? Is he a soldier?"

Kíláàsì dàrú. Àwọn kan ní ọ̀gá sójà ni Mabo, ẹnìkan ní ìlú kan ni ní ìtòsí Accra. Inú Àǹtí Kíkẹ́ dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní oyin. Ó pín pátákó, ó ní kí wọ́n wá Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè gbé màbo. Wọ́n kọ "I suffered". Jíbọ́lá fúnra rẹ̀ ní ó kéré, pé ẹni tí ó dúró pẹ́ ní ibùdókọ̀ náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa á rẹ́. Bih nawọ́, ó ní kí wọ́n kọ pé ojú rí ohun tí ẹnu kò fẹ́ gbà kí ó jáde. Wọ́n jà lórí ìyẹn, wọ́n tún un tò, wọ́n fi í sílẹ̀ sójú pátákó.

Ìyá ń bá ìtàn lọ. Wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilé bàbá tí òun kò rí rí. Ní Tàmálè, Hausa ni òun ń bá àwọn ọmọ ṣeré, nítorí náà nígbà tí òùngbẹ gbẹ òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ní kí wọ́n fún òun ní ruwa. Àwọn ọmọ agboolé rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ yẹn, Ruwa ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá fẹ́ pọnmi, wọ́n á ní, 'Ruwa ń pọn ruwa.' Mi ò sọ̀rọ̀ níta mọ́ títí eyín mi tó ká fi hù tán. Ìgbà tí ọkọ mi mú mi wá sí Jọ́ọ̀sì, tí mo gbọ́ tí gbogbo ọjà ń pariwo ruwa, ruwa, mo jókòó ti ẹrù mi, mo sunkún."

Ó dúró de Jíbọ́lá. Jíbọ́lá kò túmọ̀.

"Sọ ọ́," ni Àǹtí Kíkẹ́ wí jẹ́jẹ́.

"They called her..." ó bẹ̀rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní Hausa, kíákíá. Àǹtí Kíkẹ́, tí kì í jẹ́ kí Hausa kọjá ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí ó kọjá.

Ìyá Olúdayọ̀ wo yíká. "Èwo ni ọ̀gá ẹnubodè nínú yín?"

Bih dìde, ẹ̀rù ń bà á.

"Sannu, ọmọ mi. Ìwọ lo dá èyí dúró nínú òtútù?"

Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Yes, ma."

"O ṣeun. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o gba Mílò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Àwọn tí wọ́n ń retí pé kí Jíbọ́lá tọrọ àforíjì bí ti inú fíìmù kò rí i. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kàn ń yẹra fún ojú Bih bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní nǹkan. Nígbà tí ọmọkùnrin kan tún kùn orin yẹn lẹ́yìn, Jíbọ́lá ju ìwé lù ú, Àǹtí Kíkẹ́ sì ní láti fi ìyà jẹ Jíbọ́lá nítorí ìwé jíjù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan tí ṣọ́ọ̀kì bọ́ sí Àǹtí lójú, ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn, "Aṣía, mà!" Jíbọ́lá ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bih yíjú padà, ó bá a tún un pè, Jíbọ́lá sì pè é lẹ́ẹ̀kejì. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi ràn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbá ilẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yí padà o. Àwọn méjì kan ṣì ń sín ohùn Bih jẹ títí sáà fi parí. Nanret ló ń bá wọn jà, nítorí Bih dá àkùkọ rẹ̀ padà láìsí ìtànjẹ.

Ìyá Olúdayọ̀ ní tirẹ̀ kò dúró ti kíláàsì. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ kí ìyá Bih ní Anglo Jos. Àǹtí Kíkẹ́ bá wọn lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ìyá Bih kò tíì gbọ́ Hausa tó, Ìyá Olúdayọ̀ kò gbọ́ Píjìn tó, Jíbọ́lá àti Bih sì jókòó sí àárín wọn bí ògbufọ̀ tí wọ́n gbà síṣẹ́ láìfẹ́. Ìyá Bih ti gbin ẹ̀fọ́ kan sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ó ní njamanjama ni, pé kò sí oúnjẹ ilé àwọn tí kò sí nínú rẹ̀, pé òun ti wá a káàkiri ọjà kí òun tó rí irúgbìn rẹ̀.

Ìyá Olúdayọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ewé kan, ó fi ìka rà á. "Èyí? Odù nìyí! Ẹ̀fọ́ odù!" Ó fẹ́ẹ́ bínú. "A ní i nílé wa!"

Wọ́n jiyàn lórí bí a ti ń sè é. Ìyá Olúdayọ̀ ní ata àti irú. Ìyá Bih ní rárá, òróró àti àlùbọ́sà ni, kí ó má pẹ́ lórí iná. Níkẹyìn wọ́n sè é bí ti Kamẹrúùnù, nítorí ilé onílé ni. Wọ́n jókòó sí ìta nínú oòrùn, àwo kan láàárín ẹni méjì. Ìyá Olúdayọ̀ ń sọ bí ìyá òun ti wá irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní Tàmálè ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí tí kò rí i, Jíbọ́lá àti Bih sì ń túmọ̀. Ìyá Bih gbé etí ìró nu ojú lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó tọ́ ẹ̀fọ́ inú àwo wò, ó ní kí wọ́n bá òun na ọwọ́ mú ata yẹn wá, díẹ̀ péré, kí òun fi wò ó.